Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti adìyẹ ẹ̀yìnkùlé: ìbéèrè àti ìdáhùn

Òwe wa sọ pé ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí. Níbi tí a bá ti ń parí ìjà, òwe náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń sin adìyẹ gan-an, ọ̀dọ̀ adìyẹ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ẹ lé lónìí á padà wá lọ́la, bí òun ò bá sì padà, òmíràn á gba ipò rẹ̀. Ilé tí adìyẹ ń sùn, ilẹ̀kùn rẹ̀, àti wákàtí tí a ń ti ilẹ̀kùn náà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù adìyẹ. Èmi náà ti béèrè púpọ̀ nínú wọn rí, ní òwúrọ̀ tí inú mi bàjẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ṣe é, pé kì í ṣe ẹranko mìíràn?

Ẹ má tíì gbálẹ̀. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọrùn tàbí orí ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gé adìyẹ jẹ, bó bá sì ráyè, odindi ló ń gbé e lọ. Nítorí náà, àmì rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni pé adìyẹ kan tàbí méjì kò sí mọ́, ìyẹ́ fọ́n sílẹ̀, ìyẹ́ díẹ̀díẹ̀ sì tò lọ sí ibi tó gbà jáde. Bó bá wọ inú ilé tí adìyẹ pọ̀ sí, ẹ lè bá òkú rẹpẹtẹ nílẹ̀, tí orí ti já kúrò lọ́rùn àwọn kan.

Ti ajá tó ya wọlé yàtọ̀. Ajá a máa fa adìyẹ ya, a fi wọ́n sílẹ̀ káàkiri, kì í sì í sábà jẹ wọ́n. Ojú ọ̀sán ni àṣá ń wá, ojú ibi tó ti pa ẹran ló sì ti ń tu ìyẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ náà á wà lójú kan. Ejò á gbé ẹyin mì láìfi èèpo kankan sílẹ̀. Eku á kó òròmọdìyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí ojú eyín kéékèèké lẹ́yìn ọrùn adìyẹ, tí ara rẹ̀ kò sì dín, ẹranko tó kéré gan-an sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló wọlé, ihò tó gbà lè má fẹ̀ ju ìka méjì lọ.

Ipa ẹsẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jọ ti ajá kékeré, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, èékánná sì máa ń hàn níwájú ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti ológìnní rí roboto, èékánná kì í sábà hàn níbẹ̀. Bí ilẹ̀ yín bá le, ẹ da yanrìn kíkúnná síwájú ilẹ̀kùn lálẹ́, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Kámẹ́rà tó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ lóru tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó máa fi ibi tó gbà wọlé hàn yín. Ibi tí olè gbà wọlé ṣe pàtàkì ju orúkọ olè lọ.

Kí ló dé tó fi pa gbogbo wọn, tó sì jẹ́ ẹyọ kan ló gbé lọ? Ṣé ìkà ni?

Kì í ṣe ìkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lójú ẹni tó dúró láàárín òkú adìyẹ. Nínú igbó, bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá mú ẹyẹ kan, àwọn yòókù á ti fò lọ, ọdẹ ọjọ́ yẹn á sì parí síbẹ̀. Nínú ilé adìyẹ, kò sí ibi tí wọ́n máa fò lọ. Wọ́n ń ké, wọ́n ń gbọn apá, wọ́n ń kọlu ògiri, gbogbo rúkèrúdò yẹn ló sì ń ta ọkàn ọdẹ inú rẹ̀ jí lọ́tun lọ́tun. Á máa pa wọ́n lọ títí nǹkan kan ò fi ní mira mọ́.

Hans Kruuk, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko, kọ̀wé lórí irú pípa tó ju jíjẹ lọ báyìí ní 1972. Lára ohun tó ṣàlàyé ni bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣe ń wọ àárín àwọn ẹyẹ etí òkun tó ń yé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní òru tí òkùnkùn bo gbogbo ayé. Àwọn ẹyẹ náà kò dìde fò, ó sì pa wọ́n lọ bẹẹrẹ láìjẹ púpọ̀ nínú wọn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé adìyẹ yín: ẹran tó yẹ kó sá kò rí ọ̀nà sá.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ní èrò àtipadà wá. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ a máa ri oúnjẹ mọ́lẹ̀ de ọjọ́ ebi. Á gbẹ́ kòtò kékeré, á ki ẹran bọ̀ ọ́, á wá fi imú ti erùpẹ̀ bò ó. Ẹyin pàápàá, ó ń gbé e lọ rì. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dí i lọ́wọ́, á máa wá kó òkú adìyẹ wọ̀nyẹn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé òru kejì ni kí wọ́n bẹ̀rù jù. Ó ti mọ ọ̀nà, ó sì mọ̀ pé òun fi nǹkan sílẹ̀.

Ìgbà wo ló máa ń wá?

Àṣálẹ́, òru àti ìdájí ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ fọkàn balẹ̀ lọ́sàn-án. Àkókò ọmọ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ. Oyún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó nǹkan bí ọjọ́ 52, ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló sì sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ní àwọn ilẹ̀ tí òtútù ń mú, àárín ìgbà òtútù ni wọ́n ń gùn, ọmọ á sì dé nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran, akọ àti abo kì í ráyè sinmi mọ́. Ẹ ó rí wọn lójú ọ̀sán gangan, wọ́n á sì láyà ju bí ẹ ṣe mọ̀ wọ́n lọ.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ó máa ń ṣọ́ ilé kó tó wá. Ó mọ ìgbà tí ẹ ń jáde, ó mọ ìgbà tí ajá yín ń wọlé sùn. Ẹni tó bá ti ń ti ilẹ̀kùn lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, tó wá gbàgbé lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, tó sì bá ilé lófo, á rò pé orí burúkú ni. Ó ṣeé ṣe kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ti máa wá dán ilẹ̀kùn yẹn wò látọjọ́ yìí.

Mo fi wáyà adìyẹ yí ọgbà náà ká. Ṣé kò tó?

Kò tó. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀, tí ojú rẹ̀ ní igun mẹ́fà yẹn, adìyẹ ló lè dá dúró sínú, kò lè dá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dúró síta. Eyín á gé e, èékánná á fà á ya, pàápàá bó bá ti dógùn-ún. Ẹ fi àwọ̀n onírin tí wọ́n jó pọ̀ rọ́pò rẹ̀, èyí tí irin rẹ̀ nípọn, tí ojú rẹ̀ kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Bí eku bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ mú èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.3. Súkúrù àti wọ́ṣà ni kí ẹ fi dè é mọ́ igi, nítorí ìṣó kéékèèké tí a fi ń kan án máa ń tú bí ẹranko bá ń fi gbogbo ara fà á.

Báwo ni ilé adìyẹ tó dára ṣe yẹ kó rí?

Ẹ fi ara yín sípò kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ẹ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, ẹ ti gbogbo pákó, ẹ fa gbogbo etí wáyà, ẹ fi ọwọ́ wá gbogbo àlàfo. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa ń tóbi lójú nítorí irun rẹ̀, ṣùgbọ́n kílò 4 sí 8 ni ọ̀pọ̀ àgbà wọn wọ̀n, ara wọn sì rọ̀. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 ti tó o. Ibi tí orí rẹ̀ bá ti gbà, ìyókù á tẹ̀lé e.

Pákó tó ti jẹrà lábẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Láti òkè ó lè dà bíi pé ó le, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gún ẹsẹ̀ rẹ̀, á wọlé bí ẹni gún iṣu sísè. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdérí àpótí tí adìyẹ ń yé sí. Àwa tí à ń sin adìyẹ máa ń rántí ilẹ̀kùn ńlá, a sì máa ń gbàgbé ìdérí yìí pátápátá, bẹ́ẹ̀ imú lásán ló máa fi gbé e sókè. Ẹ fi ìkọ́ sí i. Fèrèsé tí ẹ ṣí nítorí ooru náà ńkọ́? Ẹ fi àwọ̀n onírin bo ojú rẹ̀, kí atẹ́gùn máa wọlé kí ẹranko má wọlé. Ẹ má torí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dí gbogbo ibi tí atẹ́gùn ń gbà o, ooru àti òórùn ìgbẹ́ ń pa adìyẹ bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ gbé ilé náà sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ lè máa rí abẹ́ rẹ̀. Ilé tó jókòó sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ń fún eku ní ibùgbé, eku ló sì ń pe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wá. Ilẹ̀kùn tí à ń fà sókè sódò gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ihò nísàlẹ̀, kí imú má lè gbé e. Èyí tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìdè tí kò lè ṣàdédé yọ bí nǹkan bá ń mì í.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, títì ló kù. Ilé tó lágbára jù lọ láyé, bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, pàkúté ló jẹ́ fún adìyẹ inú rẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan òjò ń rọ̀, mo ní bí òjò bá dá mo máa lọ ti ilẹ̀kùn. Oorun gbé mi lọ. Adìyẹ 9 ni mo ní ní àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn, méjì ni mo bá láàyè láàárọ̀, orí igi ni wọ́n wà. Látìgbà náà, bí òjò ń rọ̀, bí àlejò wà nílé, mo máa lọ, mo máa ka orí wọn, mo máa tì í.

Ó ń gbẹ́ ilẹ̀ wọlé. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ lo ìwà rẹ̀ mú un. Ẹsẹ̀ ọgbà gan-an ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, kì í sábà rò ó láti sún sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ tẹ́ àwọ̀n onírin sílẹ̀ níta yí ọgbà ká, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60, kó so mọ́ ẹsẹ̀ ọgbà láìsí àlàfo, kí ẹ sì fi irin tàbí òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Koríko á hù bò ó láìpẹ́. Bó bá dé, á gbẹ́, èékánná á kan irin, á sún díẹ̀ sápá ọ̀tún, á tún kan irin, á sú u.

Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n ri àwọ̀n náà mọ́lẹ̀ ní òró, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30, kí wọ́n sì tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta. Ó dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, irin tó wà nínú ilẹ̀ sì ń tètè dógùn-ún. Èmi fara mọ́ títẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọgbà náà bá kéré, tí kò sì ní kúrò lójú kan, ilẹ̀ kànkéré ló ń parí ọ̀rọ̀.

Ṣé dandan ni kí ọgbà ní òrùlé?

Bí adìyẹ bá máa wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ni. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gun ọgbà tó ga ní mítà 2, ó sì ń fi pákó tàbí igi tó wà nítòsí ṣe àtẹ̀gùn. Àwọ̀n lókè tún ń gbà yín lọ́wọ́ àṣá.

Wáyà oníná ńkọ́? Ṣé kò ní pa ọmọ tàbí ẹran ilé?

Nínú gbogbo ohun tí mo ti dán wò fún àyè tó tóbi, òun ni mo gbọ́kàn lé jù. Ẹ̀rọ kan ló ń ti iná gba inú wáyà náà kọjá fún àkókò tó kéré jọjọ, lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára tó ń gba ni lára ga, ṣùgbọ́n iye iná tó ń wọ ara kéré, kò sì dúró pẹ́. Ó ń dunni gan-an, àmọ́ wọn ò ṣe ẹ̀rọ náà kó máa pa èèyàn. Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọgbà ẹran. Ẹ má gbìyànjú láé láti so wáyà mọ́ iná inú ilé. Ìyẹn ń pa èèyàn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọdé nípa rẹ̀, kí ẹ sì gbé àkọlé síbẹ̀ kí àlejò lè mọ̀.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé imú ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi ń yẹ nǹkan wò, imú rẹ̀ sì tutù. Bó bá fi imú kàn án lẹ́ẹ̀kan, kì í fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ kí wáyà ìsàlẹ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sílẹ̀, kó má lè rá gba abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi àwọn mìíràn sókè rẹ̀. Tàbí kí ẹ lo àwọ̀n oníná tó ga tó mítà 1.1 tàbí 1.2, èyí tí ẹ lè ká kí ẹ sì tún tẹ́ síbòmíràn.

Ohun tó ń ba á jẹ́ ni àìtọ́jú. Koríko tútù tó bá fara kan wáyà á máa fa iná lọ sílẹ̀. Irin tí a gbá mọ́lẹ̀ fún ẹ̀rọ náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí náà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ máa da omi sí ìdí rẹ̀. Ẹ ra ohun tí a fi ń wọn iná rẹ̀, kó má lọ sísàlẹ̀ fólítì 3,000. Ẹ má sì pa á nítorí pé ẹ ò rí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fún oṣù kan. Òun ni ẹ kò fi rí i.

Òròmọdìyẹ lè gba ojú àwọ̀n bọ́ síta, nítorí náà kò tíì yẹ fún wọn.

Ilẹ̀kùn tó ń ti ara rẹ̀ ńkọ́?

Ó ti gba ẹ̀mí adìyẹ púpọ̀ là. Àwọn kan ń fi aago ṣiṣẹ́, àwọn kan ń fi ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Bí ẹ bá lo ti aago, ẹ máa tún un ṣe bí ilẹ̀ bá ti ń tètè ṣú tàbí tó ń pẹ́ kó tó ṣú. Àmọ́ kò mọ òǹkà. Adìyẹ tó bá pẹ́ wọlé, yóò tì í mọ́ta, ìta gan-an ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì wà. Bátìrì ń kú, pàǹtírí ń há sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ máa lọ wò ó lálẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ láti ojú fèrèsé.

Wọ́n ní kí n da ìtọ̀ ọkùnrin sílẹ̀, tàbí irun orí, tàbí kí n tan rédíò sílẹ̀ mọ́jú. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Fún ọjọ́ díẹ̀, bóyá. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń bẹ̀rù ohun tuntun, ṣùgbọ́n bó bá ti rí i pé ohun náà kò ṣe òun ní nǹkan kan, ẹ̀rù tán nìyẹn. Iná tó ń tàn lójijì bí nǹkan bá kọjá sàn díẹ̀, bí ẹ bá ń ṣí i nípò lóòrèkóòrè. Ẹ má fi èyíkéyìí nínú wọn dípò ilẹ̀kùn.

Ṣé ajá, àkùkọ tàbí ẹtù lè ṣọ́ wọn?

Ajá tí wọ́n tọ́ dàgbà láàárín ohun ọ̀sìn, tó ń sùn níta pẹ̀lú wọn, wúlò gan-an. Ẹ̀yà ajá tí wọ́n ti ń lò fún iṣẹ́ yìí látayébáyé wà, bíi Maremma àti Great Pyrenees. Ṣùgbọ́n ó lè gbà tó ọdún méjì kí irú ajá bẹ́ẹ̀ tó gbọ́n, kó tó gbọ́n ńkọ́, òun fúnra rẹ̀ lè máa fi adìyẹ ṣeré pa. Ajá tó ń sùn lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yín kì í ṣe ọlọ́dẹ.

Àkùkọ rere á ké, á dojú kọ ọ́, àwọn abo á fi ráyè sá. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ó máa ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Ẹtù náà ń pariwo bí àjèjì bá yọ, ariwo rẹ̀ á jí gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹyẹ ọ̀sìn kan tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ebi ń pa kò lè mú.

Mo fẹ́ kí adìyẹ mi máa jẹ̀ kiri. Ṣé kí n há wọn mọ́ títí láé ni?

Adìyẹ tó ń tú ilẹ̀, tó ń yí eruku mọ́ra nínú oòrùn, mo fẹ́ràn láti wò ó, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi ìyẹn dù wọ́n. Ẹ kàn mọ̀ pé ewu ń bẹ níbẹ̀, kí ẹ sì dín in kù. Ẹ tú wọn sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin náà bá wà níta. Ẹ jẹ́ kí oòrùn ti yọ dáadáa kí wọ́n tó jáde, kí wọ́n sì wọlé kí àṣálẹ́ tó lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ wákàtí kan náà lójoojúmọ́, nítorí ẹni tó ń ṣọ́ yín mọ aago.

Ẹ ṣán igbó tó sún mọ́ ilé wọn. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò fẹ́ la gbangba kọjá, inú koríko gíga ló ń dùbúlẹ̀ sí. Ẹ lè fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀ lójoojúmọ́ bí wọ́n bá ti wọlé, kí wọ́n lè máa sáré wálé bí wọ́n bá gbọ́ ohùn yín. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yẹn kò ṣòfò.

Pẹ́pẹ́yẹ kì í wá ilé fúnra rẹ̀ bíi ti adìyẹ, ẹ ní láti dà á wọlé. Àgbébọ̀ tó bá sì ń sá lọ yé sínú igbó, ẹ wá a títí ẹ ó fi rí i. Kò ní í fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ sá, orí ẹyin náà ló máa kú sí. Èyí dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ.

Ṣé kí n kúkú pa á, tàbí kí n dẹ pàkúté fún un kí n gbé e lọ jìnnà?

Mo mọ bí inú ṣe ń bí ẹni tó ń béèrè èyí. Ẹ gbọ́ tèmi ná.

Májèlé: ẹ má ṣe é. Ajá aládùúgbò á jẹ ẹ́, ológìnní á jẹ ẹ́, òwìwí àti àṣá á jẹ òkú ohun tó jẹ ẹ́. Òfin kà á léèwọ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ikú rẹ̀ sì burú. Gbígbé e lọ jìnnà: ilẹ̀ tí ẹ gbé e dé ní onílẹ̀. Àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ibẹ̀ á lé e, kò mọ ibi tí oúnjẹ wà, ọ̀pọ̀ wọn kì í pẹ́ kú. Bí kò bá sì kú, adìyẹ ẹlòmíràn ni ẹ rán an sí. Ibi púpọ̀ ni òfin kò ti gbà á.

Pípa á ńkọ́? Ní ibì kan òfin fàyè gbà á, ní ibì kan wọ́n ní irú ọ̀nà tí ẹ lè gbà, ibòmíràn wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹranko igbó ni kí ẹ bi kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Èmi ò bínú sí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n àyè tó bá ṣófo, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mìíràn tó ń wá ilẹ̀ á gbà á. Bí abo tó ní ọmọ bá sì lọ, àwọn ọmọ inú ihò á fi ebi kú. Ẹni tó ń pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí kò tún ilẹ̀kùn ṣe ń fi agbọ̀n gbọ́n omi ni.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé eku, kòkòrò, èso igi àti òkú ẹran ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Èyí tó ń kọjá lẹ́yìn ọgbà yín lóru, tí kò sì ráyè wọlé, ó ń bá yín pa eku ni.

Aládùúgbò mi ń fún un lóúnjẹ. Ṣé ó kan adìyẹ mi?

Ó kàn án. Oúnjẹ tó dá dúró sójú kan ń sọ ọ́ di ojúlùmọ̀ èèyàn. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é pẹ̀lú inú rere. Ẹ wo tiyín náà: oúnjẹ adìyẹ tó dà sílẹ̀, ẹyin tó fọ́, ààtàn tí a da egungun sí. Ẹ kó wọn kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ṣé ó léwu fún èmi àti àwọn ọmọ?

Ó ń sá fún èèyàn, kì í sábà kọ luni. Rírí i lọ́sàn-án nìkan kò túmọ̀ sí pé ó ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n níbi tí àrùn dìgbòlugi bá wà, èyí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí kò bẹ̀rù, tó ń bu nǹkan jẹ kiri, ẹ jìnnà sí i kí ẹ sì pe àwọn aláṣẹ. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Dìgbòlugi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìwòsàn bí àmì rẹ̀ bá ti yọ, abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá fúnni kí ó tó yọ ló ń gbani là.

Ó ti wá. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ wá àwọn tó wà láàyè. Adìyẹ tó sá lè wà lórí igi, nínú igbó, lábẹ́ ọkọ̀, kó má sì gbin fún wákàtí púpọ̀. Ẹ pè wọ́n bí ẹ ṣe ń pè wọ́n jẹun, ẹ gbọn igbá oúnjẹ, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Ẹ tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́.

Èyí tó fara pa, ẹ gbé e sínú páálí nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, tó ṣókùnkùn, tí ariwo kò sí. Ìpayà nìkan ń pa adìyẹ. Ẹ má dá a padà sáàárín àwọn yòókù, torí wọ́n á máa ṣá ojú ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi omi tó mọ́ tí ẹ po iyọ̀ díẹ̀ mọ́ ṣan ọgbẹ́ náà, ẹ má jẹ́ kí eṣinṣin bà lé e. Ẹ ya ìyẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wò ó, nítorí ojú eyín kékeré lè jinlẹ̀ wọnú, ìdọ̀tí ẹnu ẹranko náà sì ti wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Dókítà ẹranko ló yẹ kó rí i. Bí ìyà rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, kí ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú rẹ̀.

Òkú adìyẹ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kó wọn. Ẹ má jẹ wọ́n. Ẹ sin wọ́n jìn, kí ẹ kó òkúta lé wọn, tàbí kí ẹ sọ wọ́n nù bí òfin àdúgbò yín bá ṣe là á kalẹ̀. Ẹ má fi ọ̀kankan sílẹ̀, òun ló ń bọ̀ wá mú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ihò tó gbà, kí ẹ dí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ kò bá lè parí iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan, ẹ kó àwọn tó kù sínú ilé, sínú gáréèjì, sínú yàrá ìwẹ̀ pàápàá.

Àwọn tó kù kò yé mọ́, wọn ò sì fẹ́ jáde. Títí dìgbà wo?

Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fún wọn ní omi àti oúnjẹ nítòsí, ẹ má fipá lé wọn jáde, ẹ má sì kó adìyẹ tuntun bá wọn lákòókò yìí. Bí ó bá ku ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ má jẹ́ kó dá wà pẹ́ jù. Adìyẹ tó dá wà kì í gbádùn. Ṣùgbọ́n ẹ tún ilé náà ṣe tán kí ẹ tó wá ẹnìkejì fún un. Èmi jókòó ti àwọn méjì tí mo bá lórí igi yẹn lárọ̀ọ̀lárọ̀ọ̀, pẹ̀lú àgbàdo díẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kọkànlá ni ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó rìn wá, ó ṣá àgbàdo lọ́wọ́ mi, ó sì lọ tú ilẹ̀ lábẹ́ igi náà.